Kòsọ́gàá àti Àwọn Ọ̀pá Inú Ewé

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a bá olóògbé ọ̀jọ̀gbọ́n ewéko wa ṣiṣẹ́ pé kí ló rántí nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ wọn ni ọ̀pá náà wà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Olórí ẹ̀ka wa fẹ́ràn ètò púpọ̀. Pẹ́ńsùlù orí tábìlì rẹ̀ pàápàá kì í wọ́. Ní ìpàdé kan, ó yíjú sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni nípa ewéko, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, ohunkóhun tó bá ti tò, ẹnìkan ló tò ó." Ó rò pé ọ̀rọ̀ lásán lòun sọ. Kò mọ̀ pé ojú egbò lòun fọwọ́ bà. Nígbà tí ìpàdé mìíràn yóò fi tó, ọkùnrin kúkúrú onírùngbọ̀n funfun náà wọlé pẹ̀lú ìdì ọ̀pá ìgbálẹ̀ lábíyá. Gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ló ti lọ gbà pátá.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní. "Kí kálukú mú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, a ní ohun tí a fẹ́ jíròrò lónìí," olórí ẹ̀ka dá a lóhùn.

"Òun náà ni mo gbé dání yìí."

Ó ní kí a na ọ̀pá síwájú, kí á máa rìn lọ tààrà. Bí ọ̀pá ẹnìkan bá kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹlòmíràn, tí ibi tí àwọn méjèèjì ń lọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, kí ẹni náà yà, kó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dábùú ara wọn, kí ẹni tó kan ẹlòmíràn jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti kú nìyẹn. Kó wá lọ dìde níbòmíràn, kó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kú kẹ̀?" Ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka wa ló sọ bẹ́ẹ̀. "Èmi ò ní kú síbi iṣẹ́ o. Bí mo bá máa kú, ilé mi ni."

"Ẹ máa kú díẹ̀ ni, mà. Ẹ ó tún dìde."

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó kọ́kọ́ dà bí ìjà. Ọ̀pá ń gbá ọ̀pá, olùkọ́ ń ṣubú lu olùkọ́, ẹni tí kò bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá wá di ẹni tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àárín rògbòdìyàn yìí ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ kí wa lásán ni. Kó tó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rìn jìnnà tó fi lọ gbá akọ̀wé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló máa jókòó nínú àwa méjèèjì?" ó béèrè.

"Ẹni tó kan ẹlòmíràn ni, sà," ìyá náà wí. "Ẹ̀yin lẹ kàn mí."

Ọ̀gá àgbà ká aṣọ rẹ̀ jọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, ariwo rọlẹ̀. A wo ara wa, a sì rí i pé gbogbo àwa tí a ṣì wà lórí ìdúró ti tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wa kọjú sí fèrèsé. Ọkùnrin náà gun orí àga. "Ta ló pàṣẹ?" ó ń pariwo. "Ta ló tò yín? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbà tí ẹ ó jẹun ọ̀sán! Kò sí ọ̀gá! Mo ní kò sí ọ̀gá!" Olórí ẹ̀ka ì bá fèsì, ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, òun ló kú jù lọ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní Kòsọ́gàá, ó sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ayọ̀.

Gbogbo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe kò ju ìyẹn lọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko, yálà ti koríko ni tàbí ti igi ńlá, àwọn ọ̀pá kan wà lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì náà, tó tín-ín-rín débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n ń gùn, wọ́n ń súnkì, wọ́n ń forí gbára. Àwọn kan á yà tẹ̀ lé ẹnìkejì, àwọn mìíràn á tú ká. Láìpẹ́, gbogbo wọn á tò, wọ́n á yí sẹ́ẹ̀lì náà po bí irin tí wọ́n fi ń de àgbá. Torí pé wọ́n dè é ní ìbú báyìí ni igi fi ń ga dípò kó máa sanra. Kòsọ́gàá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìsí ẹni tó ń darí wọn. Níwọ̀n bí èèyàn kò ti lè bi ọ̀pá léèrè ọ̀rọ̀, ó kọ òfin ìrìn wọn sínú kọ̀ǹpútà, ó wá ń ṣọ́ ọ bóyá ọ̀pá inú kọ̀ǹpútà yóò ṣe bíi ti inú ewé.

Bó bá jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí, ara ì bá tù wá. Ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó wá tún páìpù omi ṣe, ó sì sọ ọ́ fún dókítà eléyín lọ́jọ́ tí eyín ń dùn ún débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú.

"Ẹ lanu, sà," dókítà wí.

"Mo fẹ́ là á. Ẹ jẹ́ kí n parí gbólóhùn yìí ná."

Kò parí. Àwọn aláìsàn tó kù ń mí kanlẹ̀ lóde. Nígbà tó sú dókítà, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì jẹ́wọ́ fún wa lẹ́yìn náà pé kì í ṣe tìtorí eyín nìkan. Ẹnu bàbá kú tipiri. Ó wá gba bírò lápò dókítà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀pá sórí bébà tí wọ́n fi bò ó láyà. Dókítà wo àwòrán náà títí, ara rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. "Mo ti wá rí i báyìí, sà," ó ní. "Èwo wá ni ọ̀gá wọn níbẹ̀?" Kòsọ́gàá dìde lórí àga, ó bọ́ bébà náà lọ́rùn, ó sì kó eyín rẹ̀ àti ìrora rẹ̀ lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ ló rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, ó mọ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn tí kò gbọ́ràn, ẹ̀kọ́ yẹn sì wúlò fún un nílé ju bó ṣe wúlò fún un ní ilé ìwòsàn lọ. Nígbà kan, Kòsọ́gàá kó sùpàgẹ́tì gbígbẹ sórí tábìlì ìjẹun, ó ń tò ó, ó ń tú u, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ni tọkọtaya ti ń jẹun ní gbogbo àsìkò náà. Ìyá ní kó kó o kúrò, ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún di ọ̀la. Lọ́jọ́ kan ó dé láti ibi iṣẹ́, ó bá tábìlì tó ń dán, àwo kan sì wà lórí rẹ̀ tí èéfín ń rú lára rẹ̀.

"Kí lo sè yìí?"

"Iṣẹ́ ìwádìí yín ni," ìyá dá a lóhùn. "Èyí tí gọ́ọ̀mù ò kàn nínú rẹ̀. Ẹ jókòó, kó má tutù."

Ó jókòó. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu. Ó ní ó dùn gan-an, àfi pé wọn ò tò mọ́.

Ẹ má rò pé mo ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ń rẹ́rìn-ín, torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, mi ò sì tíì rí ẹlòmíràn tí agídí rẹ̀ dùn ún wò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agídí yìí kan náà ló fẹ́ ba ayé ẹlòmíràn jẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín.

Obìnrin kan wá kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni tẹ́lẹ̀, torí náà Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó lè bá Kòsọ́gàá jiyàn láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, kó sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Òun ló ń kọ òfin ọ̀pá sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá rẹ̀ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti ṣe é débi pé ọ̀pá inú kọ̀ǹpútà ń tò. Ìṣòro tó kù ni pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọn yóò tò sí. Lónìí wọ́n á lọ ní ìbú, bó ṣe yẹ. Lọ́la wọ́n á lọ ní òòró. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ wọ́n á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó sùn lórí ibùsùn tí kò gbà á. Ọ̀pá inú ewé gidi kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbú ni tiwọn.

"Wo òòró tó tún lọ yìí!" Kòsọ́gàá á máa bá kọ̀ǹpútà wí. "Ta ló rán ọ ní òòró?"

"Sà, ẹ̀yin náà lẹ ní kò sẹ́ni tó ń rán wọn."

Bàbá á tún gilásì ojú rẹ̀ ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ tó fún Tíṣà láyè láti wá kàwé ti sọ fún un pé òpin sáà ni àwọn yóò dúró dé. Bí ọ̀pá kò bá yípo kó tó di ìgbà yẹn, kò sí iṣẹ́ tó lè gbé síwájú àwọn olùyẹ̀wò. Yóò padà sí kíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ó ti fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ nílé nítorí ìwé yìí, tó jẹ́ pé ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń rí wọn. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Olórí ẹ̀ka pè é, ó gbà á nímọ̀ràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n pé kó lọ sábẹ́ olùkọ́ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn ewé, pé ìyẹn ní iṣẹ́ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tí wọ́n lè jọ ṣe. Tíṣà dúpẹ́, ó ní òun á rò ó.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Kòsọ́gàá. A ń retí pé yóò lọ gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Dípò ìyẹn, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára, ó lọ dúró níwájú tábìlì Tíṣà bí àlejò. Ilẹ̀kùn wọn kì í pa dé dáadáa, nítorí náà a gbọ́.

"Ọmọ mi, lọ bá a."

"Bá ta ni, sà?"

"Ẹni tí olórí ẹ̀ka wí. Èèyàn dáadáa ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń parí."

"Ṣé ẹ rò pé tiwa ò ní tọ́ mọ́ ni?"

"Yóò tọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá yóò tọ́ kí sáà tó parí. Èmi lè dúró dè é. Ìwọ ò lè dúró. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé orí kunkun mi ló máa dá ọ padà sílé."

Bàbá yìí kò gba fún dókítà eléyín, kò gba fún olórí ẹ̀ka, ó dá wa lójú pé kò gba fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn náà a gbọ́ tí àga kan dún.

"Ẹ jókòó, sà," Tíṣà wí. "Ibo la bá a dé lánàá?"

Ó jókòó. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìròyìn lọ́dọ̀ wa.

Sáà ń sáré lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó Kòsọ́gàá ra ọ̀pá kọ́tìnì méjì, onígi gígùn, ọ̀kan fún pálọ̀, ọ̀kan fún yàrá òkè. Wọ́n gbé ti pálọ̀ tààrà láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, wọ́n sì gbé e kọ́ láìsí wàhálà. Ó wá ku ti òkè. Àtẹ̀gùn ilé wọn ní igun kan tó mú ṣánṣán ní agbede méjì, níbi tí ògiri ti pàdé ògiri.

"Ẹ jẹ́ ká gba ojú fèrèsé nà án sókè," ìyá wí.

"Fèrèsé kẹ̀? Ó máa yà níbẹ̀."

"Bàbá àwọn ọmọ, igi ni. Igi kì í yà."

"Bí a bá rọra tì í, á yà."

Ìyá ní kí ó má tì í. Ó tì í. Ìyá ní kí ó dúró. Ó tún tì í. Ọ̀pá náà dún gbàgà, ó ṣẹ́ sí méjì, ìdajì kan sì yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn títí ó fi dé ìdí bàtà rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì sọ pé àwọn gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá sọ lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò sì dá a lẹ́bi. Ọkùnrin náà kò gbọ́. Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo igun ògiri, ó ń wo ọ̀pá tó fi gbalaja kọ́ ní pálọ̀ láìní àbùkù kankan, ó tún ń wo igun. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Igun ni!"

"Igun wo?"

"Igun ló ṣẹ́ ẹ!"

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹ!"

Ó ti dìde, ó ń wá fóònù kiri ilé pẹ̀lú ìdajì ọ̀pá kọ́tìnì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó bá Tíṣà sọ lọ́jọ́ náà, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Sẹ́ẹ̀lì inú kọ̀ǹpútà wọn dà bí agolo gígùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí roboto, ó ní ìdérí lókè àti nísàlẹ̀. Níbi tí ẹ̀gbẹ́ ti pàdé ìdérí, wọ́n ti jẹ́ kí ó dán, tó fi jẹ́ pé ọ̀pá tó bá débẹ̀ á rọra tẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀, igun ṣánṣán ló wà níbẹ̀ nínú ewé gidi. Ọ̀pá tó bá ń lọ ní òòró gbọ́dọ̀ bá igun yẹn pàdé, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń tú ká níbẹ̀. Èyí tó ń yípo ní ìbú kì í bá igun pàdé láéláé, òun ló ń pẹ́.

"Sà," Tíṣà wí lórí fóònù, "nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bi yín nípa igun. Ẹ ní kí n jẹ́ kó dán."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo bẹ̀rù olórí ẹ̀ka," ó ní. "Mo rò pé bí mo bá ti fi igun sí i, yóò ní igun ni ọ̀gá wọn."

Nígbà tó di Mọ́ńdè, yàrá wọn kún dé ẹnu ọ̀nà. Tíṣà ti kọ igun sínú rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, àwọn ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń gbá ara wọn bíi tiwa níbi ìpàdé lọ́jọ́sí. Èyí tó bá lọ ní òòró á dé igun, á tú ká. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n rọ̀, wọ́n yà, wọ́n yípo, gbogbo wọn ní ìbú. Tíṣà pa á rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbú. Ó tún un ṣe léraléra. Ìbú náà ni.

Olórí ẹ̀ka fi orí yọ láàárín èrò. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé igun ló wá di ọ̀gá wọn báyìí?"

Gbogbo wa di àga mú. Kòsọ́gàá yíjú sí i, ojú rẹ̀ tutù. "Igun ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀gá mi," ó ní. "Ó kàn wà níbẹ̀ ni." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀pá.

Ọjọ́ tí Tíṣà gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú àwọn olùyẹ̀wò, àwa la ń gbọ̀n jù. Kì í ṣe tìtorí Tíṣà. Ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ló ń bà wá, torí a mọ̀ pé bí ẹnìkan bá fi lè bi ọmọ náà ní ìbéèrè, òun ni yóò dáhùn, kò sì ní parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Olùyẹ̀wò tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn jẹ́ obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé, ó tì í, ó ní, "Bí igun bá ń tú ọ̀pá ká lójoojúmọ́, kí ló dé tí ọ̀pá ò fi tíì tán nínú ewé?"

Ojú gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ Kòsọ́gàá. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé wọn. Ètè rẹ̀ ń mì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Tíṣà mí kanlẹ̀, ó ní àwọn tuntun ń hù níbi gbogbo lára sẹ́ẹ̀lì náà nígbà gbogbo, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń hù, ó yà á sára pátákó. Wọ́n bi í ní òmíràn, ó dáhùn. Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín náà dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì kí i kú oríire.

"Ẹ ò sọ̀rọ̀ rárá, sà," Tíṣà wí fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde.

"Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀."

"Bí àwa yòókù bá ń sọ̀rọ̀, ẹ kì í dákẹ́."

"Ẹ̀yin yòókù ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí kóòtù.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. Ọkàn rẹ̀ ti ń dà á láàmú tipẹ́, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó sùn lórí àga ní pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kò sì jí mọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, gbogbo wa ti ń lè parí ọ̀rọ̀ wa báyìí, a sì ti wá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò yẹ kó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń dùn wá.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá wá kó ẹrù rẹ̀. Tíṣà, tí ilé ẹ̀kọ́ wa ti gbà síṣẹ́, ló wà nínú yàrá náà. Wọ́n kó ìwé sínú páálí, wọ́n kó kóòtù, wọ́n kó ife tíì tí etí rẹ̀ ti kán. Ìyá jókòó láti sinmi, ó wo kọ̀ǹpútà.

"Ṣé inú èyí ni wọ́n wà?"

"Àwọn ọ̀pá, mà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò tíì rí wọn rí ni?"

"Ó máa ń ní kí n wá wò ó. Mo máa ń sọ pé mo ń bọ̀." Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Gbogbo ìgbà ni mò ń bọ̀."

Tíṣà tan kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnì. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ìyá tẹjú mọ́ wọn bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Wọ́n gbára, wọ́n yà, wọ́n ń yípo. Ìgbà tó yá, gbogbo wọn ti ń lọ síbì kan náà àfi ọ̀kan, tó dábùú gbogbo ẹbí, tó ń lọ sí òkè ní tirẹ̀.

"Èwo wá ni eléyìí?" ìyá béèrè. "Ṣé kò rí ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ni?"

"Ó rí i, mà. Kò gbà ni."

Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Òun nìyẹn," ó ní. "Ọkọ mi nìyẹn." Ẹ̀rín gbé e, ó gbé Tíṣà náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. A gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ọ̀pá náà dé igun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Tíṣà sáré na ọwọ́ láti dá kọ̀ǹpútà dúró, ìyá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀."

Wọ́n wò ó bó ṣe ń kúrú lọ, títí kò fi sí níbẹ̀ mọ́.

"Ibo ló gbà?" ìyá béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó tú ká, mà. Kò sọnù. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni àwọn tó kù fi ń gùn."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, mà."

Ìyá bọ́ báàgì lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Tún un bẹ̀rẹ̀ fún mi," ó ní. "Mo ti dé."